Ìkòkò Ìdí Balùwẹ̀

Kí n tó di ẹni tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní òtẹ́ẹ̀lì yẹn, mo ti kọ́kọ́ ru yanrìn níbẹ̀. Ilé àtijọ́ ni, lápá ibi tí Accra ti súnmọ́ òkun, ògiri rẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé lè sùn sórí etí fèrèsé. Oníṣòwò kan ló kọ́ ọ láyé àwọn òyìnbó. Lẹ́yìn náà àwọn ayálégbé kún inú rẹ̀, lẹ́yìn wọn ó wá ku àdán. Nígbà tí àwọn tó rà á dé, wọ́n ní àwọn ò ní wó o, àwọn máa tún un ṣe ni, àti pé yàtọ̀ sí irin, ohunkóhun tó bá jáde lára ilé náà ò gbọdọ̀ kúrò nínú ọgbà. Wọ́n fá pákó fèrèsé àtijọ́, wọ́n tún kàn án padà. Òkúta tó yẹ̀ lára ògiri, ara ògiri náà ló padà sí. Bíríkì tó ti fọ́, àwo, ìkòkò, àpáàdì, àwa obìnrin ni wọ́n ń kó wọn fún pé ká fi òòlù fọ́ wọn kúnná, kí wọ́n lè pò ó mọ́ yanrìn àti símẹ́ǹtì láti fi tẹ́ ilẹ̀ àgbàlá.

Obìnrin mẹ́fà ni wá. Èmi ni mo kéré jù, èmi náà sì ni n kì í sọ̀rọ̀. Kíláàsì kẹfà ni mo ti kúrò nílé ìwé, ẹ̀rù sì máa ń bà mí láti la ẹnu níwájú àwọn ènìyàn. Nígbà tí fọ́mánù bi mí níbi tí mo ti wá, mo ní Sabon Zongo, àdúgbò àwọn àlejò tí Hausa pọ̀ sí jù. Ó ní, "Hausa nìyẹn." Mi ò dá a lóhùn, bí mo ṣe di Hausa nìyẹn. Aláta ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí. Kì í ṣe èébú lẹ́nu gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́ yẹn, bí ẹnì kan bá pariwo, wọ́n á ní, "Ìwọ Aláta yìí." Bí ṣọ́bìrì bá sọnù, wọ́n á ní kí wọ́n lọ wá Aláta wá, kí wọ́n bi í. Mo gbọ́ ọ, mo sì ń fọ́ bíríkì mi lọ.

Lọ́jọ́ kan, àwọn ọkùnrin tó ń gbẹ́ kòtò tí omi òjò máa wọ̀ sí, lẹ́bàá ibi tí balùwẹ̀ àtijọ́ wà, kan ìkòkò kékeré kan nínú ilẹ̀. Àwo tánganran onírin ni wọ́n fi dé e. Àwo náà ti dógùn-ún, ṣùgbọ́n òdòdó pupa kan ṣì hàn láàárín rẹ̀. Erùpẹ̀ dúdú nìkan ló wà nínú ìkòkò náà.

Ọ̀kan nínú wọn fò sẹ́yìn. "Òògùn àwọn Aláta ni. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ọwọ́ rẹ̀ á rọ."

"Tìẹ ti rọ tẹ́lẹ̀," èkejì dá a lóhùn. "Ìyàwó ẹ ti sọ fún wa."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi mọ ohun tó jẹ́. Ìyá mi ti fi ìdí balùwẹ̀ ilé wa hàn mí rí, ó ní, "Ibẹ̀ yẹn ni mo sin ibi rẹ sí lọ́jọ́ tí mo bí ọ. Kò sí ibi tó o lè lọ láyé, ibẹ̀ yẹn lo ti jáde." Inú ìkòkò ni wọ́n ń gbé ibi ọmọ sí, wọ́n á dé e, wọ́n á sin ín sí ibi tí omi ìwẹ̀ á ti máa tù ú lára. Ẹni tó sin èyí ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dé e dáadáa. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ohun tó jẹ́, wọn á bi mí bí mo ṣe mọ̀.

Fọ́mánù ní kí wọ́n da erùpẹ̀ inú rẹ̀ sórí yanrìn, kí wọ́n gbé ìkòkò fún àwọn obìnrin. Àwọn tó ń ra irin àlòkù gbé àwo lọ. Àwọn obìnrin tó kù ní àwọn ò fọ́ ọ. Wọ́n tì í sọ́dọ̀ mi, mo sì fọ́ ọ. Kò tó ìgbà mẹ́rin tí mo fi òòlù lù ú.

Nígbà tí òtẹ́ẹ̀lì ṣí, wọ́n mú méjì nínú wa pé ká máa tún yàrá ṣe. Wọ́n fún wa ní aṣọ iṣẹ́. Wọ́n kọ́ wa láti dúró ṣánṣán níwájú àlejò, ká rẹ́rìn-ín músẹ́, ká má sì sọ̀rọ̀ àyàfi tí wọ́n bá bi wá. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ò ṣòro fún mi. Inú mi máa ń dùn níbẹ̀, mi ò ní purọ́. Òórùn ọ̀dà kò sí, ariwo ẹ̀rọ kò sí, afẹ́fẹ́ òkun ló ń gba fèrèsé wọlé. Amù ni wọ́n fi ń fún àlejò lómi dípò omi oníke, oòrùn ló sì ń tan iná. Bí àlejò bá dé, máníjà á mú wọn dúró láàárín àgbàlá, á tọ́ka sílẹ̀, á ní, "Ilẹ̀ tí ẹ dúró lé yìí, ilé náà fúnra rẹ̀ ni. A ò da nǹkan kan nù." Àwọn òyìnbó á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fọwọ́ pa ilẹ̀ náà.

Mama kan wá dé láti Nàìjíríà, òun nìkan, pẹ̀lú ọ̀pá. Yàrá ìsàlẹ̀ kan ló bèèrè fún. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti Àǹtí tó jẹ́ ọ̀gá wa kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó wo ojú mi, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o."

Àǹtí rẹ́rìn-ín, ó fi èdè òyìnbó sọ fún un pé ọmọ Zongo ni mí, Hausa ni mí, kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá níbí.

"Lóòótọ́?" Mama fi òyìnbó bi èmi fúnra mi. "Ojú rẹ jọ ti àwọn ọmọ wa."

Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo mi orí bí ẹni tó ń gbà pé Hausa lòun. Àǹtí wà níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ yòókù á gbọ́. Nǹkan míì sì tún wà nídìí rẹ̀. Yorùbá tiwa tí wọ́n bí sí Accra, Hausa àti Twi ló kún inú rẹ̀. Ojú ń tì mí kí ará ilé gidi má lọ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Láàárọ̀ gbogbo, bí mo bá ń tún yàrá rẹ̀ ṣe, Mama á jókòó sẹ́bàá fèrèsé, á pe àbúrò rẹ̀ obìnrin lórí fóònù. Etí rẹ̀ ti ń wúwo, nítorí náà ó máa ń jẹ́ kí ohùn jáde síta, mo sì ń gbọ́ àwọn méjèèjì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé wọ́n ń fún yín lóúnjẹ?"

"Wọ́n gbé búrẹ́dì kan wá, ó le bí ọkàn lánlọ́ọ̀dù wa."

"Inú yàrá wa yẹn náà lẹ wà? Yàrá tí àwa mẹ́jọ ń sùn sí?"

"Òun ni. Èmi nìkan ló wà níbẹ̀ báyìí. Ìrọ̀rí ló jẹ́ mẹ́fà."

Àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé ẹ ti rí ibẹ̀?"

"Mi ò rí i. Wọ́n ti tẹ́ gbogbo ilẹ̀. Mi ò tilẹ̀ mọ ìhà tí balùwẹ̀ wà mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ yẹn ti pẹ́."

"Ó pẹ́ lójú tìẹ. Lọ́dún tí ìjọba Ghana ní kí àwa àlejò máa lọ sílé, ẹ̀bá ọ̀nà ni mo sin ọmọ mi yẹn sí. Dírẹ́bà ò dúró ju ìgbà tí wọ́n fi gbẹ́ ilẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá mú mi padà síbẹ̀ lónìí, mi ò lè mọ̀ ọ́n. Ibi rẹ̀ tí mo sin síhìn-ín nìkan ni mo mọ̀. Àwo tí ìyá wa kó fún mi nígbà ìgbéyàwó ni mo fi dé e, èyí tó ní òdòdó pupa."

Mo ń fa aṣọ bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́. Ọwọ́ mi dúró. Mama rí i, ó rò pé ariwo òun ló ń dí mi lọ́wọ́, ó sì fi òyìnbó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi.

Báyìí ló rí fún àárọ̀ mẹ́rin. Ó ń sọ bí ọmọ náà ṣe máa ń rẹ́rìn-ín lójú oorun, bí wàrà ṣe ń kán sára aṣọ rẹ̀ lẹ́yìn tó ti sin ín tán. Ó ń sunkún. Mo ń nu dígí. Lójoojúmọ́ ni mo ń sọ fún ara mi pé lọ́la ni n óò sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ohun tí mo ti gbọ́ ń pọ̀ sí i, ẹnu mi sì túbọ̀ ń wúwo.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹrin, ó sọ ohun tó ń wá fún máníjà. Ènìyàn rere ni máníjà wa. Ó bi Àǹtí, Àǹtí bi ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, wọ́n fi àbá pọ̀ mọ́ àbá, wọ́n wá mú Mama lọ sábẹ́ igi kan ní igun àgbàlá, wọ́n ní ibẹ̀ ni balùwẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Mo gbé omi kọjá, mo sì rí i tó bọ́ bàtà, tó bu omi wọ́n ìdí igi náà, tó ń pe ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Ìṣojú mi ni wọ́n gbin igi yẹn. Ọkọ̀ ni wọ́n fi kó ilẹ̀ ìdí rẹ̀ wá láti ibòmíràn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀ lórí fóònù. "Mo ti rí i. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ti bu ilẹ̀ ibẹ̀ sínú ike. Tó bá di ọjọ́ mi, ẹ dà á tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́."

Mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi là. "Mà, kì í ṣe ibẹ̀."

Láti inú fóònù, àbúrò rẹ̀ ní, "Ta nìyẹn? Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló wà lọ́dọ̀ yín?"

Mama pa fóònù. Ó yíjú sí mi. "O gbọ́ Yorùbá."

"Ọmọ Yorùbá ni mí, mà."

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Yorùbá mi ń já, mo ń fi Hausa dí i. Mo sọ ti igi náà, ti kòtò omi, ti àwo olódòdó pupa, ti erùpẹ̀ dúdú tí wọ́n dà mọ́ yanrìn. Mo ní ó ti wọ inú ilẹ̀ àgbàlá tí wọ́n tẹ́, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ apá ibi tó bọ́ sí.

"Ta ló fọ́ ìkòkò?"

Mo lè sọ pé àwọn obìnrin ni. "Èmi ni, mà."

"O mọ ohun tó jẹ́ nígbà tó o fọ́ ọ?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

Kò pariwo. Ó gbé ike ilẹ̀ náà lé mi lọ́wọ́ pé kí n lọ dà á padà sídìí igi. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ti ìkòkò, ó ti fọ́ náà nìyẹn. Mi ò retí pé balùwẹ̀ á dúró dè mí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mélòó ni mo ti ń sunkún níwájú rẹ? O jẹ́ kí n máa sunkún bí ẹni tó wà pẹ̀lú àga nìkan."

Kò fẹjọ́ mi sùn. Ó kàn ní kí ẹlòmíràn máa tún yàrá òun ṣe. Nígbà tí Àǹtí bi í pé kí ni mo ṣe, ó ní mi ò ṣe nǹkan kan. Fún ọjọ́ méjì tó kù, ó ń bọ́ bàtà láàárọ̀, ó ń rìn lórí ilẹ̀ àgbàlá láti ògiri dé ògiri, láàárín àwọn tábìlì, títí kò fi sí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tẹ̀. Àwọn àlejò tó ń jẹun ń gbé ẹsẹ̀ wọn fún un. Mo ń wò ó láti òkè, lẹ́yìn fèrèsé. Lọ́jọ́ tó lọ, mo fara pa mọ́ sínú yàrá tí a ń kó aṣọ sí títí mọ́tò fi gbé e kúrò.

Lọ́jọ́ Sunday, mo sọ ọ́ fún ìyá mi níbi tó ti ń di ọṣẹ tó fẹ́ gbé lọ sọ́jà. Ó gbọ́ ọ tán. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí.

"Nígbà tó ò ń sọ ọ́ fún un, ṣé o kúnlẹ̀?"

Mo rántí ara mi lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, lórí ìdúró ṣánṣán, pẹ̀lú aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí mo ká sí apá mi.

"Mi ò kúnlẹ̀, Màámi."

Ó gbé ọṣẹ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó dìde, ó wọlé lọ.