Ẹni Tó Ń Pè Nídìí Ẹ̀rọ Omi Lọ́sàn-án Gangan

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá mo sùn lọ ni, tàbí oòrùn ló pa mí. Dírẹ́tọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa ti bi mí bẹ́ẹ̀, ọkọ mi náà ti bi mí, ó sì ti sú mi. Mo wà lójúfò, mo ti jẹun, ara mi sì le. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló rí i, etí mi ló gbọ́ ọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́, kó gbà á gbọ́.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣọ́ àwọn ọmọ ní kọlẹ́ẹ̀jì kan ní Akpakpa. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo ṣì ti ń jẹun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ Kútọnu, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: agogo méjìlá làwọn ọmọ ń jáde, agogo mẹ́ta ni wọ́n ń padà wọlé. Àwọn tílé wọn wà nítòsí á lọ jẹun nílé. Àwọn tílé wọn jìn á jẹ ohun tí wọ́n gbé wá, wọ́n á gbórí lé tábìlì, wọ́n á sùn. Èmi ni mò ń jókòó tì wọ́n. Tàtá, ìyẹn àǹtí, ni gbogbo wọn ń pè mí.

Ẹni tó bá rò pé òru nìkan ni nǹkan ń rìn, onítọ̀hún ò tíì jókòó sí ilé-ẹ̀kọ́ tó pa lọ́lọ́ lọ́sàn-án gangan rí. Ìyá mi, ará Ìsẹ́yìn tó bí mi sí Kútọnu, kọ́ mi láti kékeré pé tí mo bá gbọ́ orúkọ mi lọ́sàn-án gangan, tí mi ò rí ẹni tó pè mí, mi ò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ. Kí n panu mọ́, kí n bá tèmi lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Kò sí ilé Yorùbá tí wọn kì í ti í kọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀, àwọn Fọ̀n tá a jọ ń gbé náà ń kọ́ tiwọn.

Ẹ̀kọ́ yẹn gan-an ló kó wa sí wàhálà.

Ọmọ kan wà tó ń jẹ́ Sàlámátù. Ọmọ ọdún méjìlá ni, ó wà ní ọdún kejì kọlẹ́ẹ̀jì. Ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ ní ọjà Ganhi. Ọmọ náà mọ̀wé débi pé àwọn olùkọ́ ìṣirò máa ń jà lé e lórí. Ọ̀sán ọjọ́ kan, ó kàn ṣubú lulẹ̀ láàárín kíláàsì. A gbé e lọ ilé ìwòsàn, dókítà ní omi ti tán lára rẹ̀. Ó ní ó jọ pé ọmọ yìí kì í mu omi láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Mo bi í.  Mo pariwo mọ́ ọn, ó kàn ń wolẹ̀.

Ìyá rẹ̀ dé láti Ganhi pẹ̀lú ìbínú. Ó ní, "Tó bá jẹ́ pé ìwé ló sú u, kó sọ. Tí èyí bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣọ́ọ̀bù mi ló máa wá jókòó sí." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé ó ń fi ẹnu lásán sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n Sàlámátù obìnrin ti wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn báyìí, tó ń fi ọ̀pá wọn aṣọ. Òun náà mọ̀wé nígbà tiẹ̀.

Ọ̀rẹ́ méjì ni Sàlámátù ní. Felisité, ọmọ àwọn Àgùdà, kì í dákẹ́. Jẹmílà, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Àjàṣẹ́, kì í sọ̀rọ̀ rárá. Àwọn méjèèjì ló wá bá mi lọ́jọ́ kejì, nígbà táwọn yòókù ti sùn. Felisité tó máa ń pariwo, ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ ló fi sọ̀rọ̀.

"Tàtá, kì í ṣe pé kò fẹ́ mumi. Wọ́n ń pè é níbẹ̀ ni."

"Níbo?"

"Nídìí ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́yìn. Ohùn ọmọdé ni. Á ní, 'Sàlámátù, wá.'"

"Ẹ̀yin náà gbọ́?"

Jẹmílà ló dáhùn. "A gbọ́, Tàtá. A máa ń sáré ni."

Ṣé ẹ rí i, ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ló wà nílé-ẹ̀kọ́ yẹn nígbà náà, ẹ̀yìn kíláàsì tó kẹ́yìn ló wà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tábìlì Sàlámátù ló sún mọ́ fèrèsé tó kọjú sí i. Ọmọ náà ò mumi kó má bàa lọ síbẹ̀, kò sì mumi kó má bàa tọ̀. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tó ti ń fara da òùngbẹ lójú mi, tí mi ò sì mọ̀.

Mo tọ Dírẹ́tọ̀ lọ. Ọkùnrin yẹn, tẹ́ ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀, fóònù ló máa ń wò. Mo sọ ti ohùn náà fún un, mo ní kó jẹ́ ká gbé ẹ̀rọ omi wá síwájú. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ayé ti lajú, kí n má fi ọ̀rọ̀ àwọn ìyá àgbà kó àwọn ọmọ láyà jẹ. Ó tún ní tí ọmọ náà bá tún ṣubú, òun ò lè máa gbé aláìsàn sílé-ẹ̀kọ́, kí ìyá rẹ̀ wá mú un lọ. Mo jáde. Ìyá ń fà á lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ilé-ẹ̀kọ́ ń tì í jáde, ẹnikẹ́ni ò sì béèrè ohun tó ń dẹ́rù ba ọmọ.

Mo lọ bá Bàbá Géètì, àgbàlagbà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Òun ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi. Mo sọ fún un. Kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ṣé wọn ò sọ ti Sẹnámi fún un yín nígbà tẹ́ ẹ débí?"

Mo ní wọn ò sọ.

Sẹnámi ni ọmọ kan tó lọ pọnmi lọ́sàn-án gangan. Sìmẹ́ńtì ibẹ̀ ń yọ̀, ó ṣubú, itan rẹ̀ kán, ẹ̀jẹ̀ ń dà. Kò lè dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lórúkọ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbọ́ ọ. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, wọ́n gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ náà fẹnu ara wọn sọ ọ́ lẹ́yìn náà, tẹkún tẹkún. Ṣùgbọ́n ọ̀sán gangan ni, wọn ò sì rí ẹni tó ń pè. Kálukú ṣe bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, wọ́n panu mọ́. Nígbà tí agogo mẹ́ta lù, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin ńkọ́?"

"Mo lọ kírun," ló wí. 

Inú bí mi débi pé mi ò mọ ẹni tí mo ń bínú sí. Ṣé àwọn ọmọ ni? Wọ́n gbọ́ràn sí ìyá wọn lẹ́nu. Ṣé àwọn ìyá ni? Ìyá tèmi náà wà nínú wọn.

Bí mo ṣe yíjú, Sàlámátù àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì ti wà lẹ́yìn mi. Ọmọ ń gbọ́ ohun tí a ò pè é sí. Sàlámátù, tó ti yodi látìgbà tó ti ṣubú, lanu.

"Tàtá, kì í ṣe pé ó fẹ́ mú mi lọ. Ó ń wá ẹni tó máa gbé e dìde ni."

Mo ní kò sẹ́ni tó máa jẹ́ ìpè kankan. Mo ní ẹni tó bá dé ìdí ẹ̀rọ yẹn á fojú winá lọ́wọ́ mi. Mo kìlọ̀ títí ẹnu mi fi gbẹ. Felisité ní, "Tàtá, ẹni tó bá dá a jẹ́ ni wàhálà ń bá. Tá a bá jẹ́ ẹ pọ̀ ńkọ́?" Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní òun ló rò ó. Ẹ wo irú ọmọ.

Lọ́jọ́ kejì, táwọn yòókù ti sùn, mo rí i tí àwọn mẹ́ta dìde. Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú. Mo fẹ́ pariwo, mo rántí pé àwọn ọmọ ń sùn. Mo tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ìbínú, mo fẹ́ fà wọ́n létí padà sí kíláàsì.

Ìgbà tí mo yí igun kíláàsì tó kẹ́yìn ni mo gbọ́ ọ.

"Sàlámátù. Sàlámátù, wá."

Ẹ gbà mí gbọ́, ohùn yẹn ò dẹ́rù bani bí ẹ ṣe máa rò. Ohùn ọmọ tó ti pe títí ni, tó ti rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi kọ̀, kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn.

Sàlámátù dúró. Ìtọ̀ ń ṣàn sí i lẹ́sẹ̀, ó wọ inú bàtà rẹ̀. Jẹmílà rí i. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì gbọ́wọ́ kúrò, ńṣe ló tún ọwọ́ rẹ̀ dì mú. Ó ní, "Ṣé ká lọ?" Sàlámátù ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ."

Àwọn mẹ́ta lanu lẹ́ẹ̀kan náà. "A ti gbọ́ o. À ń bọ̀."

Ohùn náà dákẹ́. Kò sí ẹnikẹ́ni nídìí ẹ̀rọ omi, mo fi ojú mi wò ó. Síbẹ̀, wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n na ọwọ́ sílẹ̀. Mo rí i tí nǹkan fa apá wọn wálẹ̀. Ẹ má bá mi jiyàn, mo mọ bí ọmọ ṣe máa ń ṣe tó bá ń díbọ́n. Bàtà wọn ń yọ̀ lórí sìmẹ́ńtì, iṣan ọrùn Felisité yọ síta. Sàlámátù ń sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Dìde. Rọra. A ti dì ọ́ mú."

Wọ́n fà á dìde.

Oòrùn wà láàárín orí nígbà yẹn, òjìji kálukú wọn kó sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òjìji kan wà láàárín wọn tó gùn gbọọrọ bíi ti ìrọ̀lẹ́, tí ò sì sí ẹni tó ni í. Mo ṣẹ́jú, mi ò rí i mọ́. Sàlámátù ṣí ẹ̀rọ, ó bu omi sọ́wọ́, ó mu ún, ó tún mu ún. Ó mu títí mo fi ní ó tó.

Láti ọjọ́ yẹn, ọmọ náà kò dákú mọ́. Ó yege. Ìyá rẹ̀ ò tún sọ ti ṣọ́ọ̀bù. Dírẹ́tọ̀ sì ń sọ fún gbogbo èèyàn pé ìmọ̀ràn òun ló ṣiṣẹ́. Ó ní sìmẹ́ńtì ẹ̀yìn yẹn ń yọ̀, ó gé omi rẹ̀, ó fi sìmẹ́ńtì dí ẹnu ẹ̀rọ náà pa, ó ṣe òmíràn síwájú. Ohun tí mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe nìyẹn, tó fi mí ṣẹ̀sín. 

Mo rò pé ó ti parí.

Nínú ọlidé yìí, mo lọ palẹ̀ kíláàsì mọ́. Èmi àti Bàbá Géètì nìkan la wà níbẹ̀. Ọ̀sán pọ́n. Mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn.

"Tàtá. Tàtá, ẹ wá."

Mi ò mọ̀ bóyá ohùn yẹn ni tàbí òmíràn. Gbogbo ọmọ àdúgbò ló ń pè mí ní Tàtá, wọ́n sì máa ń fo ògiri wá gbá bọ́ọ̀lù lásìkò ọlidé. Ó lè jẹ́ ọmọ alààyè ló ṣubú. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mọ ìtàn Sẹnámi látòkè délẹ̀, ìṣojú mi ni wọ́n ṣe gbé e dìde. Síbẹ̀ ẹnu mi ò là. Ìyá mi ti kú tipẹ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì dí mi lẹ́nu.

Mo sá lọ bá Bàbá Géètì. Ó wà lórí ìrun. Mo dúró tì í títí ó fi sálámà, a jọ sáré lọ. Kò sẹ́nì kankan. Wọ́n ti dí ẹ̀rọ náà pa, òjò ò sì rọ̀, síbẹ̀ sìmẹ́ńtì ìdí rẹ̀ rin fún omi. Àmì àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé kan wà lára rẹ̀, bí ìgbà téèyàn fi ọwọ́ tilẹ̀ láti dìde. Oòrùn mú un gbẹ lójú wa.

A wo ẹ̀yìn ògiri, a bi àdúgbò. Wọn ò ní ọmọ kankan sọnù. Mo pe Dírẹ́tọ̀ lórí fóònù, ó ní kí n lọ sinmi.

Mo gba Ganhi lọ. Sàlámátù ń bá ìyá rẹ̀ ká aṣọ. Mo rẹ ohùn sílẹ̀, mo sọ fún un.

"Ẹ ò jẹ́ ẹ?" ló bi mí.

"Mi ò jẹ́ ẹ."

Kò bá mi wí. Ó di ọwọ́ mi mú lábẹ́ aṣọ tó ń ká, bí Jẹmílà ṣe di tirẹ̀ mú lọ́jọ́sí. "Ẹ má dá lọ, Tàtá. Ẹ dúró dìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé. A máa bá yín lọ."

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n wọlé, mò ń retí wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ èyí, tí ọmọ kan bá pè yín lọ́sàn-án gangan, mi ò lè ní kẹ́ ẹ jẹ́ ẹ, mi ò sì lè ní kẹ́ ẹ má jẹ́ ẹ mọ́. Ẹ wá ẹnì kan tẹ́ ẹ máa jọ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ yára, torí èmi ò yára.