Ìgbà Tí Ẹsẹ̀ Mi Fi Pẹ́ Nílẹ̀

Méjì nínú àwọn mẹ́ta tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn ti kú. Ẹ̀kẹta ń gbé ní Akanda, lẹ́bàá Libreville, ojú rẹ̀ kò sì ríwèé kà mọ́. Èyí jẹ́ kí ìtàn yìí rọrùn fún mi láti kọ.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí Gabon gba òmìnira ni. Ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mí ní Libreville, a sì ń gbé ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Derrière la Prison, ìyẹn Ẹ̀yìn Ọgbà Ẹ̀wọ̀n. Bàbá mi, akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ igi gẹdú, ti Nàìjíríà dé ṣáájú kí wọ́n tó bí mi. Mo máa ń sáré. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn eré sísá. Mo kàn máa ń dé ṣáájú ni.

Lọ́dún náà, òyìnbó Faransé kan wá sí ilé-ẹ̀kọ́ wa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wádìí bí ara ènìyàn ṣe ń gbéra: àkókò tó wà láàárín ìgbà tí etí gbọ́ àti ìgbà tí ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sọ fún wa pé ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni òyìnbó náà yóò yàn, pé ìjọba yóò rán an lọ sí ilẹ̀ Faransé láti kọ́ṣẹ́ olùkọ́ eré ìdárayá. Mo fẹ́ lọ. Mi ò tíì fẹ́ nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì fẹ́ òmíràn tó bẹ́ẹ̀ mọ́, títí kan ìgbéyàwó mi.

Ẹ̀rọ òyìnbó náà kò ṣòro. Pákó méjì ni, tí ó fi wáyà so mọ́ aago. Bí ènìyàn bá pa pákó méjèèjì pọ̀, gbàá, aago á bẹ̀rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ sáré bá kúrò lórí pákó kẹta tó wà nílẹ̀, aago á dúró. Eré fúnra rẹ̀ kò kàn án. Bó wù ọ́, o lè ṣubú lẹ́yìn ìṣísẹ̀ kejì.

Nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ló ń ka aago, ó nílò ẹni tí yóò máa pa pákó. Wọ́n fún un ní ọkùnrin tó ń tọ́jú yàrá ẹrù ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ Nàìjíríà bíi tiwa ni, ó sì jẹ́ àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bàbá Ìjọ ni gbogbo wa ń pè é. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ọmọbìnrin tó bá kúnlẹ̀ kí i kò gbọdọ̀ dìde títí yóò fi sọ pé, "Dìde, ọmọ mi." Kì í tètè sọ ọ́. Á kọ́kọ́ béèrè bàbá rẹ, á béèrè ìyá rẹ, á béèrè ẹ̀kọ́ rẹ, lẹ́yìn náà á gbàdúrà. Sìmẹ́ǹtì lásán ni ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì náà.

Eré náà sì rèé, orúnkún la fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. A ó fi orúnkún kan kanlẹ̀, ọwọ́ méjèèjì nílẹ̀, a ó tẹ orí ba. Bí òyìnbó bá ní "Prêts!", ìyẹn ni pé ká múra, a ó gbé ìdí sókè díẹ̀, a ó máa retí ìró pákó. Kí Bàbá Ìjọ tó pa pákó, ó máa ń sọ lábẹ́ ètè pé, "Olúwa á ràn yín lọ́wọ́ o." Èmi á ní, "Àmín."

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, èmi ni mo gbẹ̀yìn. Òyìnbó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ mi pé mo lọ́ra. Ẹni tó yára jù ni ọmọbìnrin Bàbá Ìjọ fúnra rẹ̀. Àbíkẹ́yìn ni, àkẹ́bàjẹ́ ni. Kì í kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀ nílé, gbogbo ìjọ ló mọ̀.

"Ìwọ, kí ló ṣe ẹ́?" ó bi mí lójú gbogbo ènìyàn. "Àbí o ń retí kí Bàbá mi wá fà ẹ́ dìde ni?"

Ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, kò mọ̀ pé òótọ́ lòun sọ. Èmi náà ò mọ̀.

Ọjọ́ tí ibà dá Bàbá Ìjọ dúbúlẹ̀ ni mo tó mọ̀. Òyìnbó pa pákó fúnra rẹ̀, mo sì ti lọ kí àwọn yòókù tó gbórí sókè. Nígbà tí Bàbá Ìjọ padà dé, èmi náà padà sẹ́yìn. Mo wá ń wo àwọn ẹlòmíràn. Ọmọ Nàgó méjì wà láàárín wa, Yorùbá tí àwọn òbí wọn ti Dahomey wá sí àdúgbò Kalikak, tí àwọn náà ń kúnlẹ̀ kí àgbà. Bí Bàbá Ìjọ bá pa pákó, àwọn náà á pẹ́. Lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́, èmi a máa pàtẹ́wọ́ fún wọn, wọ́n á sì gbéra bí ẹyẹ. Ọjọ́ mélòó kan ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, mo ń kọ ọ́ sínú ìwé kan, mo sì mú ìwé náà lọ bá òyìnbó.

"Ṣé ẹ̀rù ọkùnrin yẹn ló ń bà ọ́?" ó bi mí ní Faransé.

"Rárá, Mùsíọ̀. Mo ń bọ̀wọ̀ fún un ni."

"Kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀?"

"Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà máa ń sáré, Mùsíọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ní kó wá ẹlòmíràn tí yóò máa pa pákó. Ó ní onímọ̀ kì í pààrọ̀ irinṣẹ́ láàárín iṣẹ́. Ó gba ìwé mi, ó ní òun á fara balẹ̀ kà á.

Mo bá lọ bẹ ìyá mi pé kó bá Bàbá Ìjọ sọ̀rọ̀.

"Kí n lọ wí kí ni fún un?" ìyá mi ní. "Pé ẹ̀kọ́ ilé tí mo kọ́ ọmọ mi ló ń dí i lọ́wọ́?"

"Ẹ ṣáà sọ fún wọn, Màmá."

"Ọmọ tiwọn ń kọ́? Ṣé kì í ṣe pákó kan náà ni wọ́n ń pa fún òun náà?"

"Òun kì í kúnlẹ̀."

"Tún sọ bẹ́ẹ̀ níta kí o rí mi."

Kò lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa yan ènìyàn, mo pinnu pé mi ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Òyìnbó ní "Prêts!" Bàbá Ìjọ la ẹnu, mo ti lọ. Wọ́n pè mí padà. Lẹ́ẹ̀kejì, ó tún la ẹnu, mo tún lọ. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á yọ ọ́ kúrò.

"Kí ló ń lé ẹ, ọmọ mi?" Bàbá Ìjọ ní. "O ò tiẹ̀ jẹ́ kí n ṣàdúrà tán."

Òyìnbó fa igi lé "lọ́ra", ó kọ pé mi ò lè kó ara mi níjàánu. Ọmọ Bàbá Ìjọ ló wọ ọkọ̀ òkun. Ó padà dé di olùkọ́, títí di òní ní Akanda ló sì ń sọ fún ènìyàn pé òun ni ẹsẹ̀ òun yá jù nínú wa.

Èmi di olùkọ́ ìtàn. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, mo rí ohun tí òyìnbó náà kọ nínú ìwé àwọn onímọ̀ kan. Ìwé tí ó gbà lọ́wọ́ mi ló wà níbẹ̀, àtẹ́wọ́ lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ Nàgó méjèèjì, gbogbo rẹ̀. Ó ní òun fúnra òun ló ṣàkíyèsí rẹ̀ nígbà tí òun ń rìn káàkiri pápá. Èmi náà wà níbẹ̀: "ọmọbìnrin kan tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀."

Mo kọ lẹ́tà ojú ewé mẹ́rin sí i, mi ò bú u. Ó fèsì kíákíá. Inú rẹ̀ dùn láti gbúròó mi, ó ní òun kò gbàgbé oòrùn Libreville. Ó wá bẹ̀ mí. Òun kò kọ orúnkún tí àwọn ọmọbìnrin wa ń fi kanlẹ̀ sílẹ̀, bóyá ọ̀tún ni tàbí òsì. Àwọn onímọ̀ tí kò tó òun lọ́jọ́ orí ti ń fi èyí yọ òun lẹ́nu, iṣẹ́ náà kò sì lè dúró láìsí i. Ṣé Màdáàmù rántí?

Màdáàmù rántí. Ọ̀kan náà ni gbogbo wa ń lò, ìdí tí a fi ń lò ó sì wà. Ó kọ̀wé lẹ́ẹ̀kejì, ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, èyí tó gbẹ̀yìn kì í tilẹ̀ ṣe ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́. Mo ra sítáḿpù èsì rẹ̀ nígbà kan. Mo fi sanwó ìfiránṣẹ́ nǹkan mìíràn.