Bàbá Eléérú àti Orúkọ Ara Ògiri

Ọdún mọ́kànlélógójì ni Àbúdùlàhí Ọdẹ́wálé fi fa ìlà sórí pápá ìsáré ní Òmù-Àrán, láti ìgbà tí yunifásítì kò tíì dé, tó jẹ́ pápá ìlú lásán. Ẹfun wọ́n, kò sẹ́ni tó ń rà á fún un. Eérú ló ń kó nídìí ààrò àwọn obìnrin tó ń dín gààrí, á sẹ́ ẹ, á dà á sílẹ̀ ní ìlà mẹ́jọ. Ìlà náà gún débi pé ìjàlọ láti ìlú Rore rìnrìn àjò wá kọ́ títò níbẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi ìjàlọ.

Ní báyìí, eékún rẹ̀ méjèèjì ti kọ iṣẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ti kú láìfi ọmọ sílẹ̀; Fulera, ìyàwó ọmọ náà, ló kù tó ń gbọ́únjẹ fún un. Ó rẹ̀ ẹ́, ó rẹ̀ ẹ́ wọ mùdùnmúdùn. Nígbà tí yunifásítì wá ní àwọn yóò kọ orúkọ rẹ̀ sára gbọ̀ngàn eré ìdárayá tuntun, ohun kan ló dùn mọ́ ọn: Ọdẹ́wálé, orúkọ bàbá rẹ̀, kò ní bá a wọlẹ̀.

Lọ́jọ́ ìṣílé, Oyèyẹmí, akọ̀wé tó ṣètò gbogbo rẹ̀, fa aṣọ kúrò lára ògiri. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tó àgùntàn: GBỌ̀NGÀN BÀBÁ ELÉÉRÚ.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàtẹ́wọ́. Bàbá kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ta ló fún yín lórúkọ yìí?"

"Ìyàwó yín ni, sà," ni Oyèyẹmí wí. "Ẹ ń sùn nígbà tí mo wá. Mo bi wọ́n lórúkọ yín gan-an, wọ́n ní Bàbá Eléérú. Mo tún bi wọ́n, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ni."

Fulera, tí wọ́n gbà láti máa gbálẹ̀ gbọ̀ngàn náà, ti wà lórí eékún. "Bàbá, ẹ dákun. Ṣé èmi tí ẹ fẹ́ fún ọmọ yín ni n ó dúró lójúde, kí n máa pe orúkọ yín gbàgàdà? Láti ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti wọlé yín, Bàbá Eléérú ni mo sọ yín."

"O ò bá jí mi."

"Ọjọ́ mẹ́ta ni eékún ò fi jẹ́ kẹ́ ẹ sùn. Kí n wá jí yín?"

Oyèyẹmí gbá orí mú. "Yéè! Èmi ọmọ Àrán-Ọ̀rin nítòsí yìí! Ìyàwó ilé ni mo lọ ń bi lórúkọ bàbá ọkọ! Ẹ má bínú, sà, a ó pa á rẹ́, a ó tún un kọ."

Bàbá wo ògiri, ó wo obìnrin tó kúnlẹ̀. Bí wọ́n bá tún un kọ, gbogbo ayé ni yóò máa pè é, àfi ẹni kan ṣoṣo tó kù fún un nílé.

"Ẹ fi í sílẹ̀."

"Orúkọ bàbá yín wá ńkọ́?" Fulera béèrè. Kò dárúkọ ìyẹn náà.

"Á ti rẹ òun náà. Dìde, ìyàwó. Fà mí lọ́wọ́."

Wọ́n gba ẹ̀bá pápá kọjá. Ọ̀dà ni wọ́n fi ń fa ìlà báyìí. Bàbá dúró, ó mí kanlẹ̀.

"Ìlà kẹta yẹn wọ́."

"Ó wọ́ lóòótọ́, Bàbá Eléérú," ni Fulera wí, ó sì dì í mú títí dé ìdí ọkọ̀.