Irin Gálárì Tí Mo Lọ̀ Kúnná

Géètì ni mo fi lórúkọ ní Sabon Gari. Bí mo bá ti jó irin méjì pọ̀, mo máa ń lọ ojú ibi tí mo jó náà títí yóò fi dán, tí o kò ní mọ ibi tí wọ́n ti pàdé. Àwọn wẹ́dà yòókù ní Ibo Road máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń fá irin lórí. Mo ní ìlara ló ń dà wọ́n láàmú.

Lápá ìparí àwọn ọdún 1970, ṣọ́ọ̀ṣì wa gbé iṣẹ́ gálárì fún mi, ìyẹn pèpéle òkè tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí ẹgbẹ́ akọrin yóò máa dúró. Ìyàwó mi wà lára wọn. Àwòrán iṣẹ́ náà sọ ọ́ kedere: gbogbo irin tó máa gbé pákó, níbi tí orí rẹ̀ bá ti jókòó lé irin ńlá tó dábùú, kí n jó o ní ínṣì méjì lọ́tùn-ún, ínṣì méjì lósì, kí ojú jíjó náà sì nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́jọ ínṣì. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbé máṣíìnì, mo lọ gbogbo rẹ̀ kúnná, mo kùn ún lọ́dà. Pásítọ̀ yìn mí. Orí mi wú.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí Ìkórè dé, bàbá ìyàwó mi wá láti àdúgbò Brigade wá wo iṣẹ́ náà. Wẹ́dà réluwé ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Mo mú wọn gun àkàbà kí àwọn náà lè yìn mí. Wọ́n fi èékánná fa ojú irin náà, wọ́n tún fà á níbòmíràn.

“Sannu da aiki,” ni wọ́n fi kí mi kú iṣẹ́. “Èyí tí o jó dà?”

“Ó wà níbẹ̀, Bàbá. Mo lọ̀ ọ́ kó lè dán ni.”

“Haba. Agbára rẹ̀ lo lọ̀ dànù yẹn. Ṣé géètì lèyí? Ọmọ mi ló máa dúró lórí ẹ̀.”

Inú bí mi. Mo fẹ́ sọ pé Pásítọ̀ ti gbà á, pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Àmọ́ nígbà tí mo fi èékánná tèmi náà fà á, tí kò kan nǹkan kan níbi tó yẹ kó nípọn, ẹ̀rù bà mí.

Odidi ọ̀sẹ̀ náà ni mo fi ha ọ̀dà kúrò, tí mo tún gbogbo rẹ̀ jó. N kò lọ̀ ọ́ mọ́. Ó rí gbágungbàgun, gbogbo ìjọ sì rí i. Wẹ́dà kan bi mí bóyá ara mi ò yá ni. Ojú tì mí, n kò purọ́.

Lọ́jọ́ Ìkórè, àwọn akọrin gòkè, ìyàwó mi láàárín wọn. Bàbá ìyàwó mi, tí wọn kì í jókòó síbòmíràn bí kò ṣe iwájú, dìde, wọ́n rọra rìn wá sẹ́yìn, wọ́n sì jókòó sábẹ́ gálárì gan-an.