Ahọ́n Lìádì Oníkáún

Bí àwọn àgbà Lọ́kọ́ja bá jókòó tí wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín, ọjọ́ tí Lìádì Oníkáún lá wolé-wolé lápá ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rántí. Ọkùnrin ìjọba náà wọ ṣòkòtò péńpé tó gan, ó wá yẹ ìsọ̀ àwọn oníkáún wò létí odò. Oòrùn mú, òógùn ń ṣàn lápá rẹ̀. Bó ti nawọ́ síbi tí ìdọ̀tí wà báyìí, Lìádì gbá ọwọ́ náà mú, ó lá a láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, ó wá dijú, ó ń ronú.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú," ló wí. "Iyọ̀ ara yín pé, àmọ́ káún inú ẹ̀jẹ̀ yín ti lọ sílẹ̀. Bí ọ̀fìnkìn bá kàn yín pẹ́nrẹ́n, yóò gbé yín ṣubú."

Nínú gbogbo òfin tí wolé-wolé kọ́, kò sí èyí tó sọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó bá lá òṣìṣẹ́ ìjọba. Ó nu apá rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò pẹ́ sígbà náà ni ọ̀fìnkìn gbé e ṣubú lóòótọ́, ni kò bá tún sẹ́ni tó lè bá Lìádì sọ̀rọ̀ mọ́. Ọdún 1957 ni, ọdún tí ọ̀fìnkìn ńlá wọ ìlú. Ìdajì Lọ́kọ́ja ló gbé ṣubú, àti àwọn tí Lìádì lá àti àwọn tí kò lá.

Ọmọ Ìlọrin ni Lìádì, Lọ́kọ́ja ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ló fi òwò káún sílẹ̀ fún un, ó sì fi ahọ́n kún un. Bí ahọ́n Lìádì bá ti kan káún, yóò sọ ìlú tó ti wá, yóò sì sọ bóyá òjò pa á lọ́nà. Bó bá ń nájà, lílá ni, kò ní sọ iye, kò ní sinmi. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ sú Hausa tó ń kó káún wá fún un láti òkè. "Haba, Màláàmù," ni ọkùnrin náà wí, "ẹ san owó èyí tẹ́ ẹ ti lá ná, ká tó nájà ìyókù."

Láti ara káún ló ti bọ́ sára èèyàn. Ó ní ṣebí erùpẹ̀ ni Ọlọ́run fi mọ wá, erùpẹ̀ kan ò sì jọ̀kan. Ó ní àrùn kì í dédé pààyàn, àyè ló ń wá. Ohun kékeré tó bá dín nínú ara ni ilẹ̀kùn tó ń gbà wọlé. Ó lá àwọn ọmọ ilé kéú títí àwọn ìyá wọn fi ń gba ọ̀nà mìíràn. Ó lá Alfred, ará Ọ̀wọ́rọ̀ tó jẹ́ kátíkíìsì ìjọ àdúgbò, ó sì po omi káún fún un mu ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Ìwàásù ọjọ́ náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ tó fi parí, nítorí Alfred di inú mú, ó sáré gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ ìjọ kan wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Lìádì.

Obìnrin nìkan ni kì í lá, nítorí ó bẹ̀rù Ọlọ́run. Obìnrin kan ṣoṣo ló tọ́ sí i láti lá lápá ní gbogbo ayé, Kàrímọ́tù ìyàwó rẹ̀ sì ni. Kò lá a rí. Kàrímọ́tù náà kò sì bèèrè.

Ọ̀fìnkìn ńlá yẹn wọ ilé wọn. Lìádì sín, ó sùn, ó dìde. Làtífù ọmọ wọn sùn, ó dìde. Kàrímọ́tù sùn, kò dìde. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí fún un lọ́dọọdún, ikọ́ tí àwọn yòókù fi ń ṣeré a máa so ó mọ́ ẹní. Àmọ́ tọ̀tẹ̀ yìí yàtọ̀. Bó ti dùbúlẹ̀, ó ń gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ ń fọ́ káún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ń rò ó pé bóyá ni òun máa fojú rí ìyàwó tí Làtífù máa fẹ́. Ẹ̀rù bà á. Ó mu omi káún tí Lìádì gbé wá, ó bì í, Lìádì sì lọ po mìíràn.

Làtífù ló sáré lọ pe Salome, nọ́ọ̀sì tó ń gbé nítòsí. Salome ṣí ìpéǹpéjú Kàrímọ́tù, ó wo èékánná rẹ̀, ó ní ara náà ti funfun jù. Lìádì ní ohun tí òun ń sọ láti ọjọ́ yìí náà nìyẹn, káún ló dín.

"Bàbá, òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yín," ni Salome wí. "Nǹkan ilẹ̀ wà nínú ara. Irin wà nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn mìíràn sì wà tí gbogbo wọn pọ̀ kò kún orí èékánná. Bí wọ́n bá dín, àìsàn tó yẹ kó kọjá lẹ́yìnkùlé á wọlé wá jókòó. Àmọ́ káún kọ́ ni ẹ ó fún un. Inú ẹja ni wọ́n wà, inú ẹ̀dọ̀ ẹran, inú ẹ̀wà, inú ẹ̀fọ́. Kí ni ìyá ń jẹ?"

Lìádì ní ohun tí gbogbo àwọn ń jẹ náà ni. Kàrímọ́tù dijú lórí ẹní. Salome ní kí bàbá lọ wo abọ́ ìyàwó rẹ̀ wá.

Lìádì wọ ilé ìdáná, ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sábà dé. Abọ́ Kàrímọ́tù wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá tí kò jẹ tán. Ó fi ìka kàn án, ó lá a. Ó tún lá a. Kàrímọ́tù ń gbọ́ ọ láti orí ẹní.

"Kò sí ẹja nínú èyí," ni Lìádì wí.

"Abọ́ tiyín ni ẹja wà, Bàbá Làtífù."

Kò fi ìjà sọ ọ́. Olórí ilé ló ni orí ẹja àti ẹ̀dọ̀, ọmọ ló ni ìrù, ẹni tó se é ló ni ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ìyá ìyá rẹ̀ ṣe. Lìádì, ọkùnrin tó ti lá gbogbo ìlú láti mọ ohun tó dín, gbé abọ́ náà sílẹ̀. Nígbà tó jáde, ó da omi káún tó ti pò nù.

Ó lọ bá àwọn Tápà apẹja, ó ra ẹja àrọ̀ ńlá, kò nájà. Kó tó délé, ìròyìn ti gba etí odò pé Lìádì ń kú lọ, àwọn kan sì ti ń bọ̀ wá kí Làtífù.

Ọ̀ràn tó kù ni bí Kàrímọ́tù yóò ṣe jẹ ẹ́. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun kọ́ ni yóò máa jẹ orí ẹja níṣojú ọkọ òun. Lìádì ronú, ó wá fajú ro.

"Ìyá Làtífù, ọ̀fìnkìn yìí ti pa ahọ́n mi. Mi ò mọ adùn mọ́. Bá mi tọ́ ẹja yìí wò, bóyá iyọ̀ rẹ̀ pé."

Ó tọ́ ọ wò, ó ní ó pé.

"Tọ́ ìrù náà wò. Iyọ̀ orí àti iyọ̀ ìrù kì í dọ́gba."

Bí wọ́n ṣe ń wá iyọ̀ kiri lára ẹja nìyẹn títí ẹja fi tán. Bẹ́ẹ̀ ni lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ni lọ́jọ́ gbogbo. Díẹ̀díẹ̀ ni Kàrímọ́tù ń dìde, ó kọ́kọ́ jókòó, ó wá dé ẹnu ọ̀nà, ó sì di ọjọ́ kan tó rin ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ọjà. Nígbà tí ọ̀fìnkìn tún dé lọ́dún kejì, ó sín, ó sùn, ó dìde.

Àmọ́ irọ́ ní owó orí. Ahọ́n tó kú nílé kò gbọdọ̀ yè lọ́jà. Lìádì kò lá ẹnikẹ́ni mọ́. Hausa rẹ̀ gbé káún tí òjò ti pa wá, ó pè é ní ojúlówó, Lìádì rà á láìjanpata. Gbogbo ìlú ṣọ̀fọ̀ ahọ́n náà. Alfred tilẹ̀ gbàdúrà fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó kàn rọra gbà á ni, kó má baà gbà kíá jù.

Lọ́jọ́ kan, Kàrímọ́tù gbàgbé iyọ̀. Lìádì fi òkèlè kan kan ẹnu, ojú rẹ̀ yí padà. "Iyọ̀ dà?" Lìádì wúkọ́. "Mo ní, wọ́n ní iyọ̀ ti wọ́n lọ́jà."

"Èmi náà gbọ́ bẹ́ẹ̀," ni Kàrímọ́tù wí, ó sì tẹ orí ba, ó ń tọ́ ẹja wò.

Ọdún 1966 ni Lìádì kú. Níbi àdúrà rẹ̀, wolé-wolé ìjọ́sí wá, ó ti fẹ̀yìn tì, ó ká ọwọ́ agbádá rẹ̀ sókè, ó ń fi ibi tí wọ́n ti lá a han àwọn èèyàn. Ẹ̀rín pa wọ́n. Kàrímọ́tù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, nígbà tó yá, ẹ̀rín tán, omi ojú kò tán.

Nígbà tí àlejò lọ tán, ó se ẹja àrọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ bu orí ẹja sínú abọ́ ọkọ rẹ̀ kó tó rántí. Ó jókòó tì í. Ó bu díẹ̀ lára orí, ó bu díẹ̀ lára ìrù.

"Iyọ̀ rẹ̀ pé, Bàbá Làtífù," ló wí. "Ti orí pé, ti ìrù náà pé." Ó sì jẹ ẹ́ tán.