Ilé Màámi Létí Òkun

Kí n tó mọ ojú ìyá mi dáadáa ni mo ti mọ òórùn èéfín. Ní Ìlàjẹ, ní Bàrígà, àgbá mẹ́ta ló wà lẹ́yìn ilé wa tí Màámi fi ń yan ẹja láti àárọ̀ títí oòrùn fi máa wọ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa sún mọ́ àádọ́rin ọdún, ojú wọn ti pọ́n, ikọ́ ò sì jẹ́ kí wọ́n parí gbólóhùn kan mọ́. Dókítà sọ fún mi pé tí wọn ò bá kúrò nínú èéfín, àyà wọn ò ní gbà á pẹ́. Mo mú wọn wá sọ́dọ̀ mi ní Fọlá Àgòrò. Wọ́n lo ọjọ́ mẹ́sàn-án. Wọ́n ní ògiri nìkan ni àwọn ń rí, àwọn ò rí omi, ni wọ́n bá padà sídìí àgbá wọn.

Màámi ò lè gbé ibi tí kò sí omi. Etíkun Oǹdó ni wọ́n bí wọn sí, ní abúlé kan tí òkun ti gbé mì tilé-tilé, tòun ti ṣọ́ọ̀ṣì àti itẹ́ òkú. Lọ́jọ́ kan, níbi iṣẹ́ mi ní Palmgrove, ẹnì kan ju ìwé ìpolówó sórí tábìlì mi: ilé ìgbafẹ́ kéékèèké létí òkun, lọ́nà Àgbádárìgì, tí èèyàn lè rà kó máa lọ sinmi níbẹ̀ nígbà ọdún, tàbí kó kúkú máa gbé ibẹ̀. Nínú àwòrán rẹ̀, obìnrin kan jókòó lábẹ́ igi àgbọn, ó na ẹsẹ̀. Màámi ni mo rí lórí àga yẹn. Pé òkun ti lé wọn nílé rí, mi ò tiẹ̀ rò ó. Atẹ́gùn ni mo ń rò.

Ọjọ́ Sátidé kan ni wọ́n fi bọ́ọ̀sì kó àwa tó fẹ́ rà lọ wo ibẹ̀. Wọ́n fún wa ní ráìsì àti mínírà. Màámi wọ léèsì tí wọ́n fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí a débẹ̀, ilé kan ṣoṣo ni wọ́n tíì kọ́, tí wọ́n fi ń ṣe àfihàn. Yanrìn àti èèkàn tí wọ́n so aṣọ pupa mọ́ ló kù. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń mú wa kiri ní, "Mọ́mì, ẹ fa atẹ́gùn símú. Stress ò sí níbí o. Ẹ ò ní fẹ́ padà sí Bàrígà mọ́."

Màámi rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n sì dá rìn lọ sétí omi. Wọ́n dúró níbẹ̀ pẹ́, wọ́n ń wo àwọn igi àgbọn. Mo bá wọn níbẹ̀, mo ní, "Màámi, ṣé ó dáa?"

Wọ́n ní, "Jẹ́ ká délé ná."

Ó yẹ kí n dúró. Wọ́n fi kọ́ mi láti kékeré pé nílé tiwa, a kì í sọ̀rọ̀ òkun láìdáa lójú òkun. Apẹja tí ìjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ pa kò ní lanu títí á fi wọlé tí á sì ti ilẹ̀kùn. Àmọ́ mo ti jókòó sí ọ́fíìsì pẹ́, mo ti gbàgbé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà tí kì í yára dáhùn ni. Ọ̀dọ́kùnrin yẹn sì ti ń sọ sí mi létí pé, "Àǹtí, price yìí, òní nìkan ni o. Ilẹ̀ iwájú yẹn, ẹni méjì ló ń bèèrè ẹ̀." Mo yọ fóònù mi. Gbogbo owó tí mo kó jọ láti ọdún mọ́kànlá lọ kí Màámi tó gbọn yanrìn ẹsẹ̀ wọn tán.

Nígbà tí a dé yàrá wọn ní Ìlàjẹ, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Àgbọn mélòó lo rí tí gbòǹgbò ẹ̀ yọ síta?"

Mo ní mi ò kà á.

"Mẹ́rin. Àwọn mìíràn ti wó, wọ́n ti gé wọn kúrò kẹ́ ẹ má bàa rí i, kùkùté wọn ṣì wà nínú omi. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nílé wa nìyẹn. Má sanwó ibẹ̀ o."

Mo gbójú sílẹ̀. Wọ́n wò mí títí. "O ti san án?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, tí ọmọdé gun igi tí kò rí i, èmi gan-an ni wọ́n pa òwe yẹn fún. Wọn ò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Wọ́n ní, "O ṣé, ọmọ mi," wọ́n pààrọ̀ aṣọ, wọ́n sì jáde lọ yí ẹja ọ̀sán tí aládùúgbò ń bá wọn ṣọ́ lórí àgbá.

Mo lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ta ilẹ̀ náà títí ó fi sú mi. Wọ́n ní ìwé tí mo fọwọ́ sí ò gba ìdápadà owó. Lẹ́yìn òjò ọdún kejì, mo dá lọ síbẹ̀. Ilé àfihàn yẹn ti ya sí méjì. Mo bi apẹja kan tó ń tún àwọ̀n ṣe pé níbo làwọn èèkàn tó ní aṣọ pupa wà. Ó fi àgbọ̀n rẹ̀ júwe àárín omi.

Kò sí owó tí mo lè fi ra òmíràn, Màámi ò sì kúrò nídìí àgbá. Ohun tó wá ń dùn mí jù ni pé wọ́n ń sọ fún àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń yan ẹja pé, "Ọmọ mi ra ilé fún mi létí òkun. Tó bá yá, mo máa lọ sinmi." Ojú tì mí, inú sì bí mi. Mo ní, "Màámi, kí ló dé tí ẹ ń purọ́?"

Wọ́n ní, "Ṣé o ò rà á ni?"

Àárín òjò ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kú, látàrí ikọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, àwọn obìnrin yẹn gbé ẹja yíyan wá kí mi. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn wúkọ́ títí kó tó lè sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyá rẹ ṣèlérí pé a jọ máa lọ sílé tó o rà fún wọn, ká lọ gba atẹ́gùn díẹ̀. Ìgbà wo lo máa mú wa lọ?"

Mo wo ojú wọn. Gbogbo rẹ̀ ló pọ́n bíi ti Màámi. Mo ní ọ̀nà ibẹ̀ ò dáa lásìkò òjò, kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀ẹ̀rùn dé.

Wọ́n ní kò burú, àwọn máa dúró.