Bí Mo Ṣe Sáré Gun Kilimanjaro

Bí a ti kí asùbá tán ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, Alhájà Sàlámátù, jáde nílé wa ní Ṣàngó, Ìlọrin. Ọmọ wọn obìnrin tó lọ́kọ sí Moshi, ní ilẹ̀ Tanzania, ni Alhájà ń lọ kí. Èmi ń lọ gun òkè Kilimanjaro. Olùkọ́ eré ìdárayá ni mí ní Malete, mo sì ti fọ́nnu fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mi pé bí n kò bá dé ténté òkè náà, kí wọ́n má pè mí ní olùkọ́ mọ́.

Ọjọ́ kejì ni bàálù gbé wa dé. Ọ̀nà Moshi dán, oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló wà lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n fún wa ní ugali, ìyẹn túwó àgbàdo, pẹ̀lú ọbẹ̀ tí kò mọ ata rí. Alhájà tú ata gígún jáde nínú báàgì wọn.

Àna wọn, ọkọ ọmọ náà, ti sanwó gígun òkè fún àwa méjèèjì. Alhájà ní àwọn á sìn mí dé ibi tí ẹsẹ̀ bá gbé àwọn dé. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Ẹni ọgọ́ta ọdún tó ń jókòó ta aṣọ ní Post Office n'Ílọrin!

“Polepole” ni Juma, amọ̀nà wa, ń wí ṣáá, ìyẹn “jẹ́jẹ́.” Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Alhájà ní tiwọn kò lè ré èèyàn kọjá láìkí i. Gbogbo alábàárù tó ń sọ̀kalẹ̀ ni wọ́n ń dá dúró: “Salamu alaekun! Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyá ńkọ́?” Àwọn yẹn á ní “Shikamoo,” bí wọ́n ṣe ń kí àgbà níbẹ̀, Alhájà á dáhùn pé “Marahaba,” wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Èmi á ti dé ibùdó tí a máa sùn ní wákàtí méjì ṣáájú, ojú á máa tì mí nítorí wọn.

Lọ́jọ́ kẹta, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Mo jókòó jẹ́jẹ́, síbẹ̀ àyà mi ń lù kì-kì-kì bí ẹni tí ajá ń lé. Ikọ́ ò jẹ́ kí n mí. Juma ki ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wọn afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ bọ̀ mí níka, ó wò ó, ojú rẹ̀ yí padà.

“Olùkọ́, afẹ́fẹ́ ò tó lókè níbí. Ọkàn ní láti ṣe iṣẹ́ ìlọ́po méjì kí ara tó rí èyí tó máa lò. Ẹ tún ń sáré lé e lórí. Ó dà bíi pé omi ti ń wọ ẹ̀dọ̀fóró yín. Ẹ sọ̀kalẹ̀ báyìí, ẹ̀mí yín ni mò ń sọ.”

“Alhájà ńkọ́?”

“Gbogbo ibi tí Màmá ti ń kí èèyàn ni ọkàn wọn ti ń sinmi. Òkè ti bá wọn lára mu.”

Ẹ̀rù bà mí dé egungun. Alhájà di ọwọ́ mi mú. “Wàláì, ká jọ padà. Kí ni mò ń wá lókè?”

Mo ní kí wọ́n máa bá Juma lọ, èmi sì tẹ̀lé alábàárù kan sọ̀kalẹ̀. Ká má purọ́, mo ń retí kó rẹ̀ wọ́n lọ́nà.

Kò rẹ̀ wọ́n. Ìwé ẹ̀rí pé wọ́n dé ténté ni wọ́n mú sọ̀kalẹ̀.

Nígbà tí a délé ní Ṣàngó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti ń dúró. “Ọ̀gá, ṣé ẹ dé ténté?” Mo ti kẹ́kọ̀ọ́ pé ọkàn kì í gba àṣẹ lẹ́nu agbéraga, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò tíì kọ́ ọ. Mo ti fẹ́ la ẹnu purọ́.

Alhájà ṣáájú mi. “Èmi ni mo dé ibẹ̀. Àbúrò mi ló bá mi ṣọ́ ẹrù nísàlẹ̀.”

Gbogbo wọn yìn mí. Wọ́n ní àbúrò bíi tèmi ṣọ̀wọ́n.